Ta Ló Kà Á Wọlé?

       

Ẹ̀yin ará Agége, ẹ̀yin ará Ìkẹjà, kí la mú wá lónìí? Ọ̀rọ̀ owó ni. Kì í ṣe owó Àbújá. Kì í ṣe owó gómìnà ní Aláùsá. Owó tó sún mọ́ wa jù lọ ni, owó tí ọ́fíìsì rẹ̀ ò ju ibi tí a lè fẹsẹ̀ rìn dé lọ. Owó káńsù. Owó ìjọba ìbílẹ̀ wa.

Nígbà tí káńsù bá fẹ́ ra nǹkan, báwo ni wọ́n ṣe ń rà á? Iná ojú títì, òògùn ilé ìwòsàn, ìjókòó ọmọ iléèwé, sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi ń ṣe gọ́tà. Ta ní ń pinnu? Ta ní ń tà á? Ta ní ń gbà á?

Mo fẹ́ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa mú ìbéèrè mẹ́ta kúrò nídìí rédíò lónìí. Ẹni tó ní bírò, kó kọ ọ́. Ẹni tí kò ní, kó fi í sọ́kàn. Ìkíní: ta ló ní ká rà á? Ìkejì: lọ́wọ́ ta la ti rà á? Ìkẹta: ta ló kà á wọlé?

Mẹ́ta péré. Bí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá já sí ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo, owó wa wà nínú ewu. Bí ó bá jẹ́ èèyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ìwé sì wà nílẹ̀, a jẹ́ pé a ní ohun tá a lè dì mú. Àwọn àgbà ní ọwọ́ kan ò gbé ẹrù dórí. Owó ìlú, ẹrù ni. Kò yẹ kí ọwọ́ kan dá gbé e.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Oko-Ọba. Ta ni ò mọ ọjà màlúù Oko-Ọba l'Ágége? Ká ní ẹbí kan fẹ́ ṣe òkú bàbá wọn. Wọ́n dáwó. Ẹ̀gbọ́n mú tiẹ̀ wá, àbúrò mú tiẹ̀ wá, àwọn tó wà lókè òkun fi tiwọn ránṣẹ́. Owó màlúù pé. Ta ni wọ́n á rán lọ?

Ẹbí tó gbọ́n kì í rán ẹnì kan. Wọ́n á mú ẹni tó mọ màlúù wò. Wọ́n á mú ẹlòmíì tí owó máa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí màlúù bá sì délé, àgbà obìnrin ilé á jáde sí i, á yí i po, á ní: "Ṣé èyí tẹ́ ẹ sọ nìyí?" Ṣé ó pè wọ́n lólè ni? Rárá o. Ó ń dáàbò bò wọ́n ni. Torí ẹni tó bá dá lọ, tó dá ná an, tó dá sanwó, tó dá fà á wálé, bó tilẹ̀ jẹ́ olóòótọ́ bí kí ni, ẹnu ò ní kúrò lára rẹ̀. Wọ́n á ní màlúù kéré. Wọ́n á ní owó ṣẹ́ kù. Kò sì ní rí ẹlẹ́rìí.

Bí ẹbí kan bá lè ṣe èyí fún màlúù kan ṣoṣo, kí ló wá dé tí gbogbo ìlú ò fi ní ṣe é fún owó gbogbo ìlú?

Ẹ̀yin kan lè máa sọ pé, owó wo gan-an? Owó ìjọba ni, kì í ṣe tèmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Tiyín ni. Lóṣooṣù, ìpín káńsù ń wá láti inú àpò owó àpapọ̀ orílẹ̀-èdè. Epo rọ̀bì, owó orí iléeṣẹ́, owó ibodè, gbogbo rẹ̀ ló ń wọ inú àpò yẹn. Yàtọ̀ sí èyí, káńsù ń pa owó wọlé fúnra rẹ̀. Ìyá tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́jà, owó káńsù ló ń san. Bàbá tó ni ṣọ́ọ̀bù, tó ń sanwó ìwé àṣẹ ṣọ́ọ̀bù lọ́dọọdún, owó káńsù ni. Ta ni nínú wa tí kò tíì sanwó kankan rí? Ǹjẹ́ ẹni tó dáwó ò lẹ́tọ̀ọ́ láti wo màlúù?

Òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 to iṣẹ́ káńsù sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjà àti gáréèjì. Ibi ìpẹran. Itẹ́ òkú. Títì àdúgbò, gọ́tà, iná ojú títì. Kíkó ìdọ̀tí. Ìwé ọjọ́ ìbí àti ìwé ikú. Ẹ gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀: ìgbésí ayé wa látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ni. Kò sí èyí tí káńsù lè ṣe níbẹ̀ láìra nǹkan. Ìdí nìyí tí ọjà rírà fi jẹ́ ọkàn iṣẹ́ káńsù. Bí ọjà rírà bá bàjẹ́, gbogbo ìyókù ti bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Lọ́dún 1953, ìròyìn ìwádìí kan jáde lórí bí wọ́n ṣe ń ṣàkóso Káńsù Ìlú Èkó. Bernard Storey lorúkọ ẹni tó ṣe ìwádìí náà. Ọ̀rọ̀ àbẹ̀tẹ́lẹ̀ wà nínú rẹ̀. Kí ló gbẹ̀yìn rẹ̀? Ìjọba tú káńsù náà ká. Ẹ wò ó, àwọn ará Èkó ti jà kíkankíkan kí wọ́n tó lè máa dìbò yan àwọn tí yóò ṣàkóso ìlú wọn. Ibi tí owó ti ń yọ́ lọ ni àṣẹ náà gbà bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ìkẹjà àti Agége ò sí lábẹ́ káńsù yẹn nígbà náà. Abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn la wà, Ìbàdàn ni olú-ìlú wa. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣe òfin ìjọba ìbílẹ̀ tiẹ̀ lọ́dún 1952, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sì ni mínísítà tó wà nídìí rẹ̀. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kan náà ló ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ l'Íkẹjà fún àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá. Ọdún 1967 la tó bọ́ sábẹ́ Ìpínlẹ̀ Èkó. Nígbà tó di 2003, Ìpínlẹ̀ Èkó tún dá àwọn káńsù kéékèèké, LCDA, kún àwọn ti tẹ́lẹ̀. Orílé-Agége dúró tira Agége. Òjòdú àti Onígbòǹgbò dúró tira Ìkẹjà. Kí ni wọ́n ní ó wà fún? Kí ìjọba lè sún mọ́ èèyàn. Ó dáa. Bí ìjọba bá ti sún mọ́ wa, àwa náà ńkọ́? Ṣé àwa náà ti sún mọ́ ìjọba?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí rédíò yín sí wa, ẹ káàbọ̀. Ọjà rírà káńsù là ń sọ. Ìbéèrè mẹ́ta là ń gbé kiri. Ta ló ní ká rà á? Lọ́wọ́ ta la ti rà á? Ta ló kà á wọlé?

Kí nìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi gbóná ní àsìkò yìí gan-an? Lọ́jọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà dá ẹjọ́ kan. Wọ́n ní kí owó káńsù máa lọ tààrà sọ́dọ̀ káńsù, kó má ṣe gba ọwọ́ gómìnà kọjá mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rò ó dé ìdí. Tẹ́lẹ̀, bí a bá bi alága káńsù léèrè pé gọ́tà wa dà, ó lè ní ọ̀dọ̀ gómìnà ni owó há sí. Ẹjọ́ yẹn ti gba ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀. Bí owó bá ń lọ tààrà sọ́dọ̀ káńsù, ìbéèrè wa náà gbọ́dọ̀ lọ tààrà sọ́dọ̀ káńsù.

Lẹ́yìn ẹjọ́ yẹn, lọ́jọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2025, Èkó dìbò ìjọba ìbílẹ̀. A ní alága. A ní káńsẹ́lọ̀ ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ mi, ṣé ẹ mọ orúkọ káńsẹ́lọ̀ yín? Ẹ má tíì dá mi lóhùn. Ẹ bi ẹni tó jókòó tì yín.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé ọjà kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ jẹ́ ká mú iná sólà, iná ojú títì. Gbogbo wa la mọ ìwúlò rẹ̀ ládùúgbò yìí. Ẹni tó bọ́ síṣẹ́ òru ní fákítìrì mọ̀ ọ́n. Ọmọbìnrin tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní Pẹ́ńsinimá lóru mọ̀ ọ́n jù.

Ìbéèrè kìíní: ta ló ní ká rà á? Ó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ẹ̀ka iṣẹ́ ẹ̀rọ káńsù. Wọ́n á kọ̀wé pé òpópónà báyìí ṣókùnkùn, iye iná tó máa tó o rèé, irú iná báyìí ni, bátìrì rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè gbé e dàárọ̀. Ẹ fojú sí ọ̀rọ̀ bátìrì yẹn dáadáa. Bí ìwé bá kàn sọ pé "iná sólà", ẹni tó ń tajà á gbé èyí tó pọ́ọ́kú wá. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí i, gbogbo ọ̀nà á mọ́ rokoṣo, a ó ya fọ́tò. Ká tó sùn dé àárín òru, iná ti kú. Ẹjọ́ ta ni? Ẹjọ́ ìwé tí kò sọ irú bátìrì ni.

Lẹ́yìn ìwé, bọ́jẹ́ẹ̀tì. Ṣé iná wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún yìí? Àwọn káńsẹ́lọ̀ ló ń fọwọ́ sí bọ́jẹ́ẹ̀tì. Alága kì í jí ní kùtù kó ní òun fẹ́ ra nǹkan, kó sì lọ rà á. Òfin ICPC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà àjẹbánu, ti ọdún 2000 là á mọ́lẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá fọwọ́ síwèé iṣẹ́ kọngílá láìsí i nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, láìgba àṣẹ, láìsí owó rẹ̀ nílẹ̀, ó ti ṣẹ̀. Ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀. Bọ́jẹ́ẹ̀tì, àṣẹ, owó. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ pé kó tó fọwọ́ síwèé.

Ìbéèrè kejì: lọ́wọ́ ta la ti rà á? Ibí yìí ni tẹ́ńdà ti wọlé. Káńsù á kéde pé àwọn fẹ́ ra iná. Kì í ṣe ìkéde inú yàrá o. Wọ́n á lẹ̀ ẹ́ síbi tí gbogbo ayé lè rí i. Ẹni tó bá lè ṣe é á kọ iye rẹ̀, á fi sínú àpò ìwé, á lẹ̀ ẹ́ pa. Ọjọ́ kan pàtó ni wọ́n á ṣí gbogbo rẹ̀, lójú àwọn tó mú un wá. Wọ́n á ka iye tí oníkálukú pè síta. Akọ̀wé á kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni ìgbìmọ̀ tẹ́ńdà á jókòó, wọ́n á wo ẹni tí ọjà rẹ̀ dára tí owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó lè kọ LPO, ìwé àṣẹ ọjà rírà, fún un.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ba ibí yìí jẹ́? Ọ̀nà kan ni pé ẹnì kan á mú ìwé mẹ́ta wá, orúkọ iléeṣẹ́ mẹ́ta, àdírẹ́sì mẹ́ta. Òun kan náà ló ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó bá ara rẹ̀ dupò, ó sì borí ara rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ kó wo nọ́ńbà fóònù orí ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kó wo bí wọ́n ṣe kọ lẹ́tà. Àṣìkọ kan náà á wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọ̀nà kejì ni gígé iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́. Iye kan wà tí ọ̀gá kan lè fọwọ́ sí láìjẹ́ pé ó gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀. Bí iṣẹ́ bá ju iye náà lọ, wọ́n á gé e. Gọ́tà kan ṣoṣo á di apá kìíní, apá kejì, apá kẹta, apá kẹrin. Kò sí èyí tó dé iwájú ìgbìmọ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ gígé iṣẹ́ yìí, ẹjọ́ ńlá kan wáyé níbí, nílé-ẹjọ́ gíga Ìkẹjà. Àwọn ìgbìmọ̀ olùdarí iléeṣẹ́ èbúté ọkọ̀ ojú omi ti ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n pè lẹ́jọ́. Lọ́dún 2009, adájọ́ rán wọn lẹ́wọ̀n. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2013, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fagi lé ìdájọ́ yẹn. Wọ́n ní nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wáyé, òfin ò tíì ka gígé iṣẹ́ wẹ́wẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí ilé-ẹjọ́ ti dá wọn sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni mo fẹ́ ká mú. Ohun tí òfin ò bá kọ sílẹ̀, òfin ò lè fi mú ẹnikẹ́ni. Lónìí, ó ti wà ní kíkọ. Òfin ọjà rírà ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2007 ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó náà ti ní òfin ọjà rírà tiẹ̀ láti ọdún 2011, pẹ̀lú àjọ tó ń mójú tó o. Òfin wà. Ojú tó máa wò ó ló kù.

Ìbéèrè kẹta: ta ló kà á wọlé? Ẹ̀yin ará mi, èyí ló ká mi lára jù. A máa ń pariwo lórí ẹni tó gba iṣẹ́ kọngílá. A máa ń pariwo lórí alága. Ta ló ń rántí olùtọ́jú sítóò? Òṣìṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, yàrá rẹ̀ wà lẹ́yìn ọ́fíìsì, ìwé ńlá kan wà níwájú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà.

Bí iná sólà bá dé, ohun tó yẹ kó ṣe rèé. Kó ka páálí lọ́kọ̀ọ̀kan. Kó pe ẹnjiníà kó wá ṣí i. Kí wọ́n wo bátìrì, ṣé èyí tí ìwé àkọ́kọ́ sọ nìyí? Kí ọ́dítọ̀ inú káńsù dúró tì wọ́n. Èyí tó bá pé, kí wọ́n kọ ọ́. Èyí tí kò bá pé, kí ó padà. Lẹ́yìn náà ni olùtọ́jú sítóò á fọwọ́ síwèé pé òun ti gbà á. Ìwé yẹn ni akápò gbọ́dọ̀ rí kó tó san kọ́bọ̀.

Ẹ wá gbọ́ bó ṣe ń bàjẹ́. Fóònù á dún ní sítóò. "Jọ̀ọ́, fọwọ́ sí i, ọjà ń bọ̀ lọ́nà." Òṣìṣẹ́ kékeré, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń bẹ̀rù. Ó fọwọ́ sí i. Akápò sanwó. Ọjà tó ń bọ̀ lọ́nà, ọ̀nà ló wà títí dòní. Nínú ìwé, òpópónà náà mọ́lẹ̀. Lójú wa, ó ṣókùnkùn.

Nítorí náà, mo fẹ́ bá ẹ̀yin òṣìṣẹ́ káńsù sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin olùtọ́jú sítóò, ẹ̀yin akápò, ẹ̀yin ọ́dítọ̀. Ìbọ̀wọ̀ la fi ń bá yín sọ ọ́. Bírò tó wà lọ́wọ́ yín, ìlú ló fi rán yín. Ẹ má fọwọ́ sí ohun tẹ́ ẹ kò rí. Bí wọ́n bá ń fipá mú yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé tẹ́ ẹ bá kọ lónìí ló máa gbà yín lọ́la. Ọ́dítọ̀ Àgbà fún ìjọba ìbílẹ̀ ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin Èkó tó ń rí sí àkọsílẹ̀ owó káńsù náà ń pe àwọn káńsù wá sọ tẹnu wọn. Lọ́jọ́ náà, ẹni tó tẹ̀ yín láago ò ní bá yín jókòó. Orúkọ yín ló wà nínú ìwé.

Mo tún fẹ́ sọ òótọ́ kan tí a kì í fẹ́ sọ. Kì í ṣe gbogbo kọngílá ni olè. Ọ̀dọ́mọkùnrin wẹ́dà wà l'Ágége tó mọ iṣẹ́ irin dénú egungun. Ó lè ṣe ìjókòó iléèwé tó máa pẹ́. Kí ló dé tí kì í bá káńsù ṣòwò? Ìdí kìíní, kò gbọ́ ìkéde. Ìdí kejì, ó gbọ́ pé ẹni tó bá tajà fún ìjọba á dúró pẹ́ kó tó gbowó. Kò ní owó tó máa fi dúró. Ta ló wá kù? Ẹni tó lówó tó máa fi dúró ni. Òun náà á sì bu iye ìdúró yẹn lé owó ọjà. Àwa la ó san án. Nítorí náà, ká máa sanwó fún ẹni tó ṣiṣẹ́ lásìkò jẹ́ ara dídáàbò bo owó ìlú. Ládùúgbò tó kún fún fákítìrì àti oníṣẹ́ ọwọ́ bíi tiwa, ìtìjú ni kí káńsù máa ra nǹkan gọbọi lọ́wọ́ ẹni tí kò ṣe é rí, nígbà tí ẹni tó ń ṣe é wà lẹ́yìn ilé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, a ò tíì kúrò lójú kan náà. Ta ló ní ká rà á? Lọ́wọ́ ta la ti rà á? Ta ló kà á wọlé? Ọwọ́ kan ò gbọdọ̀ dá gbé ẹrù ìlú.

Ẹ jẹ́ ká ya ọ̀dọ̀ àwọn káńsẹ́lọ̀. Bí wọ́n bá jókòó ìpàdé, kí ni wọ́n ń ṣe? Wọ́n ń ṣòfin káńsù. Wọ́n ń yẹ bọ́jẹ́ẹ̀tì wò. Wọ́n ń bi àwọn aláṣẹ léèrè. Ìpàdé ni agbára wọn. Ohun tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé, a ò lè sọ pé káńsù pinnu rẹ̀. Ta ló dá a lábàá? Ta ló kín in lẹ́yìn? Ta ló lòdì sí i? Ó yẹ kó wà níbẹ̀.

Ohun kan tún wà. Ká ní ọjà kan wà nílẹ̀, iléeṣẹ́ tó fẹ́ tà á sì jẹ́ ti àbúrò káńsẹ́lọ̀ kan. Kí ló yẹ kó ṣe? Kó dìde, kó sọ ọ́ síta, kó jáde kúrò nínú yàrá títí wọ́n á fi pinnu. Òfin orílẹ̀-èdè wa ní ìlànà ìwà fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Alága, káńsẹ́lọ̀ àti òṣìṣẹ́ káńsù wà lára àwọn tó dè. Ó ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí èrè ara rẹ̀ ta ko iṣẹ́ ìlú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá jáde lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká yìn ín. Ẹ jẹ́ ká pàtẹ́wọ́ fún un ju ẹni tó pín ìrẹsì lọ.

Ṣé ará ìlú lè ṣe é? Ó ti ṣẹlẹ̀ níbòmíì. Ìlú kan wà ní Bràsíìlì, Porto Alegre lorúkọ rẹ̀. Lọ́dún 1989, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ará àdúgbò jọ láti sọ ibi tí owó ìlú máa kọ́kọ́ lọ. Àwọn tálákà àdúgbò, tí kò sẹ́ni tó máa ń bi wọ́n léèrè rí, wá ń jókòó síbi tí wọ́n ti ń pín owó. Ọ̀rọ̀ omi àti gọ́tà wà lára ohun tí wọ́n bèèrè jù. Ìlú mìíràn káàkiri ayé sì kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn. Èèyàn ẹlẹ́ran ara bíi tiwa ni wọ́n.

Kí la wá máa ṣe? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Àdúgbò kọ̀ọ̀kan l'Ékòó ní CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò. Ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀. Ẹ mú ohun kan ṣoṣo. Ẹ má gbé gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ káńsù wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ mú gọ́tà iwájú yín, tàbí iná òpópónà yín, tàbí òògùn ilé ìwòsàn yín. Ẹ yan èèyàn mẹ́ta tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Àgbà kan, obìnrin kan, ọ̀dọ́ kan. Kí wọ́n lọ rí káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín. Kí wọ́n kí i dáadáa. Kí wọ́n bi í ní ìbéèrè mẹ́ta yìí.

Bí ẹnu ò bá tó, ẹ kọ̀wé. Òfin òmìnira ìròyìn wà láti ọdún 2011. Ó fún ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba. Kò pọn dandan kó o sọ ìdí tó o fi ń bèèrè. Láàárín ọjọ́ méje, wọ́n gbọ́dọ̀ dá yín lóhùn. Tẹ́lẹ̀, àwọn kan máa ń ní òfin yẹn ò kan ìpínlẹ̀. Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti yanjú ìyẹn ní oṣù Kẹrin ọdún 2025. Wọ́n ní ó kan gbogbo ìjọba, látòkè dé ìsàlẹ̀. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́tù. Ẹ ní: "Ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ rí ìwé iná òpópónà wa. A fẹ́ rí ẹni tó gba iṣẹ́ náà àti iye tó gbà á. A fẹ́ rí ìwé tí sítóò fi gbà á wọlé." Ẹ kọ déètì sí i. Ẹ mú ẹ̀dà kan dání. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i.

Ẹ má bá wọn jà. Ẹ má bú ẹnikẹ́ni. Bí ìdáhùn bá dára, ẹ dúpẹ́, ẹ sọ fún àdúgbò. Bí kò bá sí ìdáhùn, ẹ padà lọ. Ẹ tún padà lọ. Sùúrù wa ni wọ́n máa kọ́kọ́ dán wò. Ìgbà tí wọ́n bá rí i pé a ò lọ ni nǹkan á yí padà.

Ẹ̀yin alága wa tẹ́ ẹ ń gbọ́, àwa kì í ṣe ọ̀tá yín. Ẹ lẹ gbogbo ọjà tẹ́ ẹ rà lóṣù yìí mọ́ pátákó iwájú ọ́fíìsì. Orúkọ ọjà, orúkọ ẹni tó tà á, iye rẹ̀, orúkọ ẹni tó kà á wọlé. Ojú ìwé kan péré ti tó. Alága tó bá ṣe èyí, kò ní nílò kó máa gbèjà ara rẹ̀ lórí rédíò. Pátákó á gbèjà rẹ̀.

Ẹ̀yin ará Agége, ẹ̀yin ará Ìkẹjà, iṣẹ́ tí mo bẹ̀ yín lọ́sẹ̀ yìí nìyí. Ẹ mọ orúkọ káńsẹ́lọ̀ yín. Ẹ mú ohun kan ṣoṣo ládùúgbò yín. Ẹ lọ bèèrè ta ló ní ká rà á, lọ́wọ́ ta la ti rà á, àti ta ló kà á wọlé. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ní àkókò yìí kan náà, mo fẹ́ gbọ́ ìdáhùn tẹ́ ẹ rí gbà. Àdúgbò tí káńsù bá dá lóhùn dáadáa, orúkọ káńsù yẹn la ó kọ́kọ́ pè síta, a ó sì yìn wọ́n.